Ẹja Tí Ó Jóná Lápá Kan

Ọwọ́ mẹ́rin ni ẹja máa ń gbà ní àgbàlá Tàjùdéèn kí ó tó gbẹ dáadáa. Àgbá epo tí wọ́n là sí méjì ni ààrò wọn. Wáyà kan tí ó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn ni wọ́n gbé lé e lórí, orí wáyà yìí ni wọ́n sì ń to àrọ̀ àti ẹ̀pìyà sí. Bí abẹ́ ẹja bá ti pọ́n, kò ṣeé fi ọwọ́ yí lọ́kọ̀ọ̀kan, torí pé ẹja tí kò tíì gbẹ a máa fọ́ wẹ́wẹ́. Wáyà kejì ni wọ́n ń gbé dé e. Ẹnì kan a di etí kan mú, ẹnì kejì a di etí kejì mú, wọn a fún wáyà méjèèjì pọ̀ mọ́ra, wọn a sì yí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ọwọ́ ẹnì kan bá yá ju ti ẹnì kejì lọ, inú iná ni ẹja ń bọ́ sí. Fàlílátù ni ó máa ń ké pé, "Ó yá!" Mùlíkátù a ní, "Mo ti dì í mú!" Kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, ẹja ti yí padà. Gbogbo ìlú Ìgbògbò ní Ìkòròdú ni ó mọ ẹja àwọn obìnrin méjèèjì yìí, nítorí kì í korò, kì í sì í jóná.

Orogún ni wọ́n. Ẹ má tíì fajú ro. Ọ̀pọ̀ ènìyàn, bí wọ́n bá ti gbọ́ orogún, ìjà ni etí wọn ń retí, àfi bí ẹni pé obìnrin méjì kò lè gbé inú ilé kan kí wọ́n má fa irun ara wọn tu. Irú ilé bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé tí à ń sọ yìí kọ́. Fàlílátù tí í ṣe ìyáálé ni ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ fẹ́ ìyàwó wálé. Ọjà ẹja Ẹ̀pẹ́ ni ó ti ń ra ẹja tútù, ibẹ̀ ni ó sì ti rí ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ọmọ apẹja, tí ẹja yíyan rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn oníbàárà ń dúró dè é. Fàlílátù kò bí ju ọmọ kan lọ, Ràfíù, ìbàdí sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún nídìí iná. Ó padà dé Ìgbògbò, ó sọ fún Tàjùdéèn ọkọ rẹ̀ pé òun ti rí ìyàwó fún un. Tàjùdéèn, ẹni tí ó ń wa ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kan ní agbègbè àwọn iléeṣẹ́ Ìkòròdú, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì ti ń rẹ̀ ẹ́ tó, ní òun kò bẹ ẹnikẹ́ni ní ìyàwó.

"Ta ló bi yín?" ni Fàlílátù wí. Òun fúnra rẹ̀ ni ó gbé obì lọ bá bàbá ọmọ.

Báyìí ni Mùlíkátù ṣe dé Ìgbògbò. Nígbà tí ó bí Wùnmí, àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ọmú rẹ̀ kò sì ní omi. Fàlílátù ni ó pọn ọmọ náà, tí ó fi ṣíbí fún un ní mílíìkì, tí ó sì wẹ̀ ẹ́ títí ìyá rẹ̀ fi lè jókòó. Ìdí nìyí tí Wùnmí fi ń pe Fàlílátù ní Màmá, tí ó sì ń pe ìyá tí ó bí i ní Ìyá. Kò sí ẹni tí èyí bí nínú nínú àwọn méjèèjì.

Ṣùgbọ́n àìsàn yẹn fi nǹkan kan sílẹ̀ fún Mùlíkátù. Ìbẹ̀rù ikú wọ̀ ọ́ lára. Bí ó bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ọkàn rẹ̀ a máa sáré, a máa rò ó pé bí òun bá kú lónìí, níbo ni òun ń lọ? Kì í rí oorun sùn dáadáa. Nǹkan bí ọdún 2001 ni Bùnmi, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé wọn, wá ra ẹja, ó jókòó sórí àpótí nídìí ààrò, ó sì rí i pé ojú Mùlíkátù ti jìn wọlé. Ó bi í léèrè, Mùlíkátù sì sọ fún un. Ni Bùnmi bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un nípa Jésù, pé gbèsè ẹ̀ṣẹ̀ tí ó fi ń bẹ̀rù ikú yẹn, ẹnì kan ti san án, kò sì ku ẹyọ kọ́bọ̀.

"Kí ni èmi fẹ́ san, Àǹtí Bùnmi?" ni Mùlíkátù bi í.

"Ọ̀fẹ́ ni. Ó kàn ní kó o wá bó o ṣe wà yẹn."

Omijé bọ́ lójú Mùlíkátù. Fàlílátù, tí ó di etí wáyà kejì mú, wò ó, ó ní, "Ṣé èéfín ni àbí ẹkún?"

"Méjèèjì ni, Ìyá Ràfíù."

Ó sùn ní ọjọ́ náà, ó sùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí ó sọ ní àárọ̀ pé òun fẹ́ máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Bùnmi, ilé kò gbóná. Mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì ti ń jẹun nínú abọ́ kan ní ìdílé àwọn ará Ìkòròdú láti ayébáyé. Tàjùdéèn ní kí ó ṣáà máa ṣe jẹ́jẹ́. Fàlílátù ní tirẹ̀ wí pé, "Tí Jésù bá ń jẹ́ kó o sùn, máa tọ̀ ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n kó máa jẹ́ kó o tètè jí wá yí ẹja o." Òun ni ó fọ aṣọ funfun tí Mùlíkátù wọ̀ lọ ṣe ìtẹ̀bọmi.

Ìbá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, ìbá dára.

Ohun àkọ́kọ́ tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì béèrè kò tóbi. Wọ́n ní yẹtí kò yẹ etí ọmọ Ọlọ́run. Mùlíkátù yọ yẹtí wúrà tí Tàjùdéèn rà fún un ní ọjọ́ ìkómọ Wùnmí, ó sì ń kọrin bí ó ti ń yọ ọ́. Kí ni yẹtí lẹ́gbẹ̀ẹ́ oorun? Lẹ́yìn èyí, wọ́n ní kí ó má fi òwú dúdú dirun mọ́. Ó gbà. Wọ́n ní tẹlifíṣọ̀n jẹ́ ojú Sátánì nínú ilé. Bí àwọn ará ilé bá ti ń wò ó ní pálọ̀, Mùlíkátù a lọ jókòó sí àgbàlá láàárín ẹ̀fọn, a máa gbọ́ bí Wùnmí ṣe ń rẹ́rìn-ín nínú ilé. Wọ́n ní Mùlíkátù kì í ṣe orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ lọ sí ọ̀run, Lídíà ni kí ó máa jẹ́. Fàlílátù gbìyànjú, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ kò gbà á, bí ó bá sì ké "Ó yá, Mùlí!" nídìí iná, Mùlíkátù kò mọ̀ bóyá kí òun dáhùn tàbí kí òun jẹ́ kí ẹja bọ́.

Nígbà tí Iléyá dé, wọ́n ní kò gbọdọ̀ fi ẹran rẹ̀ kan ẹnu. Ẹran tí ọkọ rẹ̀ fi òógùn ojú rà, tí ìyáálé rẹ̀ dín, tí ọmọ rẹ̀ gbé wá fún un nínú àwo! Wùnmí dúró síwájú rẹ̀ pẹ̀lú àwo náà, ó ní, "Ìyá, ẹ ò jẹ ẹran wa mọ́?" Fàlílátù gba àwo lọ́wọ́ ọmọ, ó wọ ilé ìdáná lọ, ó dín ẹ̀pìyà wá fún orogún rẹ̀. Mùlíkátù jẹ ẹ̀pìyà náà tán. Inú bí i gan-an ni, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tí òun ń bínú sí.

Ohun tí ó ń dùn ún jù ni pé wọn kì í sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìgbàkigbà ni wọ́n ń ní èyí nìkan ni ó kù. Bí ó bá ti ṣe é tán, òmíràn a tún yọjú. Ó dàbí ìgbà tí ènìyàn fún ọ ní ẹ̀wù tuntun, tí ó wá ń padà wá já bọ́tìnnì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Díẹ̀díẹ̀ sì ni oorun náà tún ń dín kù.

Ní ọdún 2003, Pásítọ̀ Mojúbàolú, olùṣọ́ ìjọ náà, bẹ̀rẹ̀ ìwàásù lórí ìdápadà. Ó ní ẹni tí ohun olóhun bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè rí ojú Ọlọ́run. Àwọn ènìyàn ń gbé nǹkan wá. Ọkùnrin kan dá irin iṣẹ́ tí ó jí ní iléeṣẹ́ padà, obìnrin kan mú àwọ̀tẹ́lẹ̀ tí ó ká lórí okùn aládùúgbò rẹ̀ wá. Èyí dára, kò sí ẹni tí yóò ní kò dára. Lẹ́yìn náà ni Pásítọ̀ wá ní, "Àwọn obìnrin kan wà níhìn-ín tí wọ́n ń gbé ilé ọkọ ọlọ́kọ." Gbogbo ìjọ yíjú padà láti wo ẹni tí ó ń bá wí. Mùlíkátù náà yíjú padà. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń wò.

Wọ́n pè é sínú ọ́fíìsì lẹ́yìn ìsìn.

"Sístà Lídíà, ta ni ìyàwó Ọ̀gbẹ́ni Tàjùdéèn?"

"Àwa méjèèjì ni, sà."

"Ọlọ́run ò mọ méjì. Ẹni àkọ́kọ́ ni ìyàwó. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ yìí, ohun olóhun ni. Padà sílé bàbá rẹ ní Ẹ̀pẹ́, kó o dá ọkọ obìnrin yẹn padà fún un."

"Wùnmí ńkọ́, sà?"

"Ọlọ́run ni bàbá gbogbo ọmọ."

"Ó ní bàbá nílé, sà." Kò sọ ọ́ láti fi rí Pásítọ̀ fín. Òótọ́ ni ó ń sọ.

Kí á má purọ́ mọ́ ọkùnrin náà, kì í ṣe ìkà. Ọ̀dọ́ ni, ààwẹ̀ ti mú un gbẹ bí igi, bàtà kan ṣoṣo ni ó ní, gbogbo òfin tí ó ń gbé ka àwọn ènìyàn lórí, òun náà gbé e ka orí ara rẹ̀. Ó ní òun yóò bá Mùlíkátù gbààwẹ̀ títí agbára yóò fi dé. Ojú rẹ̀ kún fún omijé bí ó ti ń sọ ọ́. Ìbá ṣe pé ìkà ni, Mùlíkátù ìbá bú u, ìbá sì bá tirẹ̀ lọ.

"Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ó ti san gbogbo ẹ̀, sà," ni Mùlíkátù wí.

"Ó ti san án. Ṣùgbọ́n ìwọ náà gbọ́dọ̀ ṣe tìẹ."

"Èwo ni tèmi tó máa tán, sà?"

Pásítọ̀ kúnlẹ̀. Ó ní kí àwọn gbàdúrà.

Láti ọjọ́ náà, ìjókòó ẹ̀yìn ni wọ́n fi Mùlíkátù sí. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin, wọ́n ní kò gbọdọ̀ jẹ oúnjẹ alẹ́ Olúwa. Ó lọ bá Bùnmi, ó ní ṣebí Àǹtí Bùnmi ni ó sọ fún òun pé kí òun wá bí òun ṣe wà. Bùnmi gbé aṣọ tí ó ń rán sílẹ̀, ó ní, "À ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn ò jẹ́ kóun lọ ààtàn lọ jẹun. Sístà, ṣé ọkọ lo fẹ́ àbí ọ̀run?" Ọ̀run àpáàdì ni Mùlíkátù ń rí ní ojú oorun láti ọjọ́ yìí. Ìbẹ̀rù àtijọ́ ti padà dé, ó sì tún sanra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òun náà ni ó wá borí rẹ̀. Kì í ṣe ìfẹ́ Ọlọ́run, ẹ̀rù ni.

Ọjọ́ tí ó sọ nílé pé òun fẹ́ padà sí Ẹ̀pẹ́ kí òun dá ohun olóhun padà, Fàlílátù kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí ó rí i pé àpò ti wà ní dídì, ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

"Kí lo ní o jí lọ́wọ́ mi?"

"Ọkọ yín, Ìyá Ràfíù."

"Ọkọ mi? Ta ló gbé obì wá bá bàbá rẹ? Àbí orí mi ló dàrú ni?" Ó yíjú sí Tàjùdéèn. "Ẹ bá a sọ̀rọ̀ o, Bàbá Ràfíù!"

Tàjùdéèn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọjú sí Mùlíkátù. "Mùlí, ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?"

"Ẹ ò ṣẹ̀ mí."

"Ṣé ìyáálé rẹ ló ṣẹ̀ ọ́?"

"Rárá o."

"Ta ni o wá ń bá jà?"

Mùlíkátù gbé àpò rẹ̀. Ó fẹ́ mú Wùnmí dání, ọmọ náà so mọ́ Fàlílátù bí ewé mọ́ ẹ̀kọ, ó ní òun kò lọ. Mùlíkátù nìkan ni ó wọ mọ́tò tí ó ń gba Ìtòìkín lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní ọjọ́ náà, pẹ̀lú àpò kan àti Bíbélì. Ní gbogbo ọ̀nà, ó ń retí pé àlàáfíà yóò dé, nítorí wọ́n ti ṣèlérí rẹ̀ fún un. Mọ́tò dé Ẹ̀pẹ́, àlàáfíà kò bá a sọ̀ kalẹ̀.

Ilé bàbá rẹ̀ ti di ilé àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Wọ́n fún un ní yàrá kan tí wọ́n ń kó àwọ̀n sí. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹja, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò bá a di etí kejì mú. Ìyàwó àbúrò rẹ̀ ní tirẹ̀ láti ṣe. Ó wá wáyà kékeré tí ọwọ́ méjì lè dá yí, ẹja bíi mẹ́ta ni ó lè gbà. Àwọn oníbàárà ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ṣé ọmọ ọwọ́ ni ó ń yan ẹja fún ni. Òun náà ìbá rẹ́rìn-ín, bí kì í bá ṣe pé inú ń bí i látàárọ̀ dalẹ́.

Ó rò pé òfin ti tán. Hàó! Ẹ̀ka ìjọ tí ó wà ní Ẹ̀pẹ́ ní ìjókòó ẹ̀yìn ni kí ó ṣì wà títí àwọn yóò fi rí èso ìrònúpìwàdà rẹ̀. Pásítọ̀ Mojúbàolú pè é lórí fóònù àbúrò rẹ̀, ó ní kò gbọdọ̀ dúró ní ibi kan náà pẹ̀lú Tàjùdéèn mọ́, kí Sátánì má baà rí àyè. Nítorí náà, ní ọjọ́ tí Tàjùdéèn mú Wùnmí wá kí i, inú yàrá ni Mùlíkátù wà, ojú fèrèsé ni ó ti ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọkùnrin tí ó ti bá a gbé láti ìgbà èwe rẹ̀ dúró sínú oòrùn, ó ń fi fìlà nu òógùn, ó ń bi í bóyá ó ń jẹun. Wùnmí fi ọwọ́ di irin fèrèsé mú.

"Ìyá, ṣé bàbá mi lárùn ni?"

Mùlíkátù kò jẹ́ gbàgbé ìbéèrè yìí. Nígbà tí wọ́n lọ, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ògiri títí ọwọ́ rẹ̀ fi wú. Ó ní, "Olúwa, kí lẹ fẹ́ gan-an? Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kí n gbọ́!" Ó dúró, kò gbọ́ nǹkan kan bí kò ṣe ariwo ọkọ̀ ojú omi ní ọ̀sà.

Ọdún kan kọjá. Nígbà tí ọdún 2004 ń parí lọ, Pásítọ̀ tún pè. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí Sístà Lídíà wá jẹ́rìí ní Ìgbògbò ní Sọ́ńdè ìdúpẹ́, kí àwọn obìnrin mìíràn tí ó wà ní irú ipò rẹ̀ lè rí ìgboyà gbà. Lẹ́yìn ẹ̀rí náà, wọn yóò dá a padà sínú ẹgbẹ́ akọrin, yóò sì jẹ oúnjẹ alẹ́ Olúwa. Bùnmi gbọ́, inú tirẹ̀ náà dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi sọdá lọ bá Fàlílátù nídìí ààrò, ó ní kí Màmá náà wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wá gbọ́ bí Ọlọ́run ṣe dá ọkọ rẹ̀ padà fún un. Ó rò pé ọkàn Fàlílátù yóò yí padà. Fàlílátù ní òun yóò wá.

Mùlíkátù dúró síwájú ìjọ ní ọjọ́ náà, gèlè funfun lórí, máíìkì lọ́wọ́. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Àmọ́ bí ó ti gbójú sókè, ó rí ọmọbìnrin kan lórí ìjókòó ẹ̀yìn, aboyún, oyún rẹ̀ ti wọ oṣù rẹ̀. Ọmọbìnrin náà ń wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni tí ó ń dúró de ìdájọ́. Mùlíkátù mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìyàwó kejì ni ọmọbìnrin yìí náà, ọ̀rọ̀ sì ti kàn án. Ẹ̀rí tí òun bá jẹ́ yìí ni wọn yóò fi lé e jáde nílé ọkọ rẹ̀.

"Ẹ yin Olúwa."

"Halelúyà!"

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run... tó jẹ́ kí n kúrò nílé ọkọ mi..."

"Ọkọ ọlọ́kọ," ni Pásítọ̀ tún un ṣe láti orí àga rẹ̀.

Mùlíkátù tún gbé máíìkì sẹ́nu. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó dá a dúró. Ibẹ̀ ni ariwo ti dé láti ẹnu ọ̀nà.

Fàlílátù ni. Ó ru abọ́ ńlá kan tí wọ́n fi aṣọ bò. Wọ́dà ìjọ tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà sáré dí i lọ́nà, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá àwọn tí kò múra bí ènìyàn mímọ́ padà. Ó wò ó látòkè délẹ̀. Orí rẹ̀ wà ní bíbò dé ejìká, aṣọ rẹ̀ gùn dé ọrùn ẹsẹ̀, kò sí yẹtí, kò sí àtíkè, kò sí ohun kan. Wọ́dà wá òfin tí ó rú, kò rí ọ̀kan. Ó yà fún un.

Fàlílátù rìn gba àárín ìjọ kọjá bí ìbàdí tí ó ń dùn ún ti gbà á láàyè, ó gbé abọ́ náà sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ Mùlíkátù.

"Ẹ kú ìsìn o. Èmi ni olóhun."

Ọ̀rọ̀ náà kò yé ẹnikẹ́ni.

"Ẹ ní kí wọ́n dá ohun olóhun padà. Èmi ni olóhun náà. Mo ní kí n wá fi ohun tí ẹ dá padà fún mi hàn yín." Ó ká aṣọ kúrò. Àrọ̀ ńláńlá ni ó kún inú abọ́, apá kan wọn ti jó di èédú, apá kejì ṣì tútù tòun ti ẹ̀jẹ̀. "Ẹ wò ó. Láti ọjọ́ tó ti lọ ni mo ti ń yan irú èyí. Èmi nìkan ò lè yí i."

Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó sì gbé e mì. Pásítọ̀ Mojúbàolú sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ orí ba. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni. Wọ́n gba ọkọ yín lọ́wọ́ yín, a sì..."

"Ta ló gbà á? Èmi ni mo lọ fẹ́ ẹ fún un! Pásítọ̀, ẹ ò bi mí. Gbogbo ìgbà yìí, ẹ ò rán ẹnì kankan wá bi mí pé, Ìyá Ràfíù, kí ni wọ́n jí lọ́wọ́ yín? Mi ò mọ ìwé yín o. Ṣùgbọ́n nílé tiwa, ẹni tó bá fẹ́ dá nǹkan padà, ọ̀dọ̀ olóhun ló kọ́kọ́ ń lọ." Ó fi ọwọ́ kan ìbàdí. "Ọmọ ń sunkún. Ìbàdí ń dùn mí. Ẹ̀yin lẹ mú nǹkan mi. Òun náà ló di máíìkì yẹn mú. Ẹ dá a padà."

Pásítọ̀ fi Fàlílátù sílẹ̀, ó kọjú sí Mùlíkátù, ó sì rọra sọ̀rọ̀, nítorí ó gba ohun tí ó ń sọ gbọ́ tọkàntọkàn.

"Sístà Lídíà, ìdánwò lèyí. Bó o bá bá obìnrin yìí jáde, ọ̀dọ̀ Kristi lo ti jáde yẹn o."

Mùlíkátù dúró, ó ń retí ìbẹ̀rù náà. Ó dúró dè é. Ìbínú ni ó kọ́kọ́ dé.

"Pásítọ̀," ni ó wí, máíìkì sì gbé ohùn rẹ̀ dé ojú títì, "nígbà tí mo wá síbí, ẹ ní ọ̀fẹ́ ni. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń san án. Mo ti san yẹtí, mo san orúkọ tí bàbá mi sọ mí, mo san ọmọ mi. Ẹ sì tún ní ó kù. Ẹ jọ̀ọ́ sà, bó bá jẹ́ èmi ni mo máa san gbogbo ẹ̀, kí ni Jésù wá san?"

"Ìwé Mímọ́ sọ pé..."

"Nídìí ẹja ni Jésù ti bá mi, sà. Wáyà wà lọ́wọ́ mi, yẹtí wà létí mi, Ìyá Ràfíù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Gbogbo wa ló bá níbẹ̀. Kò sọ pé kí n lọ." Ó wo ọmọbìnrin aboyún tí ó wà lẹ́yìn, ó wò ó dáadáa kí ó lè mọ̀ pé òun ni òun ń bá sọ̀rọ̀. "Ibẹ̀ náà ni mò ń padà sí."

Ó gbé máíìkì sórí àga. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di etí kan abọ́ náà mú, Fàlílátù di etí kejì mú. Bùnmi yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí wọ́n kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni kò ti ra ẹja wọn mọ́.

Wọ́n dé ojú títì. Oòrùn ń ta, abọ́ wúwo, àwọn ọlọ́kadà ń fọn fèrè sí wọn pé kí wọ́n kúrò lọ́nà. Mùlíkátù ń rò ó pé wọn kò ní jẹ́ kí òun kọrin níbẹ̀ mọ́ láé, bẹ́ẹ̀ ni òun fẹ́ràn orin náà. Ó ń ro ọdún kan tí ó fi ń gbé inú yàrá àwọ̀n, àti Wùnmí tí ó di irin fèrèsé mú. Ta ni yóò dá ìyẹn padà fún òun?

"Jésù rẹ yẹn," ni Fàlílátù wí, "ṣé kò ní bínú pé o jáde kí wọ́n tó ṣe àdúrà ìparí?"

"Kò ní bínú."

"Ojú ta ló wá le tó báyìí?"

"Èmi ni," ni Mùlíkátù wí. "Èmi ni mò ń bínú, Ìyá Ràfíù."

Fàlílátù ní kò burú, kí ó máa bínú náà bọ̀, ṣùgbọ́n kí ó yá ẹsẹ̀ nílẹ̀, torí pé òun ti to ẹja sórí iná kí òun tó jáde, abẹ́ rẹ̀ yóò sì ti máa pọ́n.